Dàdàkúàdà láàárín ìkòkò: ibo ni kí a jókòó sí?

Àǹkẹ́ Táńkẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ wá kọ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, nínú ọgbà àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlélé, ní Ìlọrin níbí, lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi fẹ́ lọ, eékún sì ń ro wọ́n. Èmi fẹ́ fi fóònù gba orin náà sílẹ̀. Ibo ni kí a jókòó sí? Báwo ni ti owó olórin?

Ọmọ Onílù: Ẹ gbé àga ike kan dání fún Màmá. Ẹní ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sílẹ̀ nírú ibẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń ro kò sì fẹ́ràn ẹní. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì náà. Ohun tó jọ àpótí ìjókòó nínú òkùnkùn lè jẹ́ ìkòkò tútù tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Ẹni tó bá fìdí lé e, á wó mọ́ ọn nídìí, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ti bá a lọ nìyẹn.

Ẹ má jókòó síwájú ìyáàlù. Ṣaworo etí rẹ̀ a máa dún ṣanṣan, tí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, òun nìkan lẹ máa gbọ́, ọ̀rọ̀ á rì. Ọ̀rọ̀ gan-an sì ni dàdàkúàdà. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀, àwọn eléégún, nínú iwì tí wọ́n ń ké, ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ Ọdọ́layé Àrẹ̀mú, gbajúgbajà olórin dàdàkúàdà, rí mọ̀ pé gbólóhùn kan tó bá fò ẹ́ ru, àwàdà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti ṣòfò. Ẹ̀gbẹ́ àwọn elégbè ni kí ẹ wà, bíi mítà mẹ́rin sí márùn-ún, níbi tí ẹ ti ń rí ẹnu adárin.

Tí ìrì bá sẹ̀, awọ ìlù á rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Wọ́n á dúró láti fi yáná. Ẹ má rò pé eré ti parí kí ẹ dìde! Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: awọ á gan, nígbà mìíràn á ya.

Ẹlẹ́rọ Ohùn: Ẹ fi fóònù sí flight mode, kí ìpè má baà já orin sí méjì. Ẹ má dì í mú lọ́wọ́. Ẹ ká ìborùn ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ gbé fóònù lé e lórí, kí ìsàlẹ̀ fóònù, níbi tí máíkì sábà máa ń wà, kọjú sí olórin. Nígbà tí onílù bá ń fa ọṣán ìlù rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tẹ́tí sí i. Tí ohùn bá ń fọ́, ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ohùn tó ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe nílé. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Tí páànù bá wà lórí, òjò wíńníwínní ti tó láti bo orin mọ́lẹ̀.

Ẹ gbàyè lọ́wọ́ adárin kí ẹ tó gbé e sórí WhatsApp o. Oúnjẹ wọn ni.

Àlájà Pakátà: Ti owó nìyí, ọmọ mi. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn níwájú orí, ẹ má fọ́n ọn. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Àpò ìwé ni kí ẹ fi sí, ẹ fà á lé elégbè lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ orin bá parí. Ẹ pín in sí mẹ́rin láti ilé, torí tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì yín, ìṣirò á fò lọ. Kí owó ọkọ̀ wà nínú àpò mìíràn.

Ẹ kọ orúkọ bàbá Màmá àti oríkì ìdílé wọn sínú ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ariwo ìlù, wọ́n lè gbọ́ Àjàní ní Àjàyí, tàbí kí wọ́n máa fi “ìjàkadì lorò Ọ̀fà” kí ọmọ Òmù-Àrán.

Àǹkẹ́ Táńkẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Èéfín ńkọ́? Màmá ní ikọ́ fée.

Ọmọ Onílù: Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa sun ìkòkò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, eérú rẹ̀ a sì máa rú èéfín di alẹ́. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí Màmá jókòó sí, kí oògùn fífà símú wọn wà nítòsí.

Àlájà Pakátà: Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ tó gbé yín lọ sọ ọ́ pé kó padà wá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má san owó àbọ̀ tẹ́lẹ̀.