Àbọ̀ ọ̀rọ̀: ohùn Commodore 64 mi ti ń jáde

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohùn tí mo gbà sílẹ̀, tí mo ń fi rẹ́jísítà fólúùmù $D418 (ibi tí a ń kọ nọ́ńbà sí láti yí agbára ohùn padà) gbé jáde lórí Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, ó sì ń há.

Ẹni tó ní kí n ṣí ẹ̀rọ wo SID rẹ̀ (chip tó ń gbé ohùn jáde) ló gbà mí. 8580 ni mo bá níbẹ̀, kì í ṣe 6581 àtijọ́ tí iná díẹ̀ máa ń jò níbi tí fólúùmù ti ń rí nǹkan gbé. Kí fólúùmù lè rí nǹkan gbé, mo kọ $FF sínú àwọn rẹ́jísítà ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta SID: $D406, $D40D àti $D414, lẹ́yìn náà $49 sínú $D404, $D40B àti $D412. Ó ké tantan! Ìyàwó mi bi mí pé ta ló wọlé.

Ti híhá yẹn, tí mo bá fi bit 4 rẹ́jísítà $D011 pa àwòrán, ó lọ pátápátá, torí VIC-II (chip àwòrán) kò gba àkókò lọ́wọ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) mọ́. Àmọ́ mo fẹ́ àwòrán. NMI (àmì tó ń dá CPU dúró kó lè ṣe iṣẹ́ mìíràn kíákíá) láti CIA 2 (chip tó ní aago), lẹ́yìn cycle (ìró aago CPU) 123 kọ̀ọ̀kan (lórí ẹ̀rọ PAL, irú ti Yúróòpù, bíi 8000 Hz), dín in kù, kò tán.

Ó ku "s" tó ń ṣe ṣììì. Ìpele fólúùmù 16 péré la ní. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.