Mo ti fúnrúgbìn títí, aásìkí tèmi dà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Oore: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, mi ò sùn lánàá. Ẹ̀wà àti èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà, ó ti pé ọdún 11, mi ò jẹ ìdámẹ́wàá Ọlọ́run rí, kódà lọ́jọ́ tí mo bá ta kóńgò mẹ́ta péré, màá yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀. Níbi àìsùn ìparí ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n pe àwọn tó máa fi ₦300,000 fúnrúgbìn, wọ́n ní kó tó di oṣù kẹfà a ó ti máa jẹ́rìí, èmi náà jáde. Oṣù kẹjọ la wà yìí. Ọjà ò tà, ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti sísítà kan tá a jọ wà nínú kúáyà, tó jẹ́ èmi ni mo máa ń fún lówó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ra Lexus dúdú, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ta òróró sí i, gbogbo wa jó yí i ká, èmi náà ń jó, omi ń bọ́ lójú mi. Pásítọ̀ ní ìgbàgbọ́ mi ló ń jò, kí n tún mú irúgbìn mìíràn wá. Ṣé mo ti ṣẹ Ọlọ́run ni?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ní 2016 iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, gàrí la ń mu sùn, yàrá kan ṣoṣo la wà, ṣùgbọ́n a máa ń kọrin pọ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Owó ti dé báyìí, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ká tó jọ jẹun. Mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo gan-an la là.

Ọmọ Ọba: Ìlara ló ń bá yín jà mà. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Díkínì: Ẹ ṣí 3 Jòhánù ẹsẹ 2. Jòhánù gbàdúrà kó dára fún Gáyọ́sì, kí ara rẹ̀ le, bó ṣe dára fún ọkàn rẹ̀. Ọkàn ló fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe mọ́tò. Jésù náà sọ ọ́ ní Lúùkù 12:15 pé ọ̀pọ̀ ohun ìní kọ́ ni ìyè.

Adúróṣinṣin: Díkínì, ẹ má fìyẹn kọ́ àwọn èèyàn láti fẹ́ràn òṣì o. Ábúráhámù lówó, Jóòbù lówó. Málákì 3:10 tó ní ká mú ìdámẹ́wàá wá ṣì wà níbẹ̀.

Díkínì: Ó wà níbẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ ka Diutarónómì 14:29 mọ́ ọn, ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó ló ń jẹ ìdámẹ́wàá yẹn yó. Ìyá Oore, owó wo lẹ fi fúnrúgbìn, kí ló sì ń bí ọkọ yín nínú?

Ìyá Oore: Mi ò ṣe ìlara ẹnikẹ́ni o, Ọlọ́run rí ọkàn mi. Ọkọ mi kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, kò lè yé e.

Ọmọ Ọba: Ẹ gbààwẹ̀ ni mo sọ.

Màmá Ìbejì: Mà, ẹ ò tíì dá Díkínì lóhùn. Owó wo ni?

Ìyá Oore: Ó dáa. Kọ́parétíìfù ni mo ti yá a. ₦150,000 ni mo ní níbẹ̀, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yáni. Mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀wà ni mo fẹ́ fi rà. Ìyá alákàrà tó wà nítòsí ìsọ̀ mi ló ṣe onídùúró, Mùsùlùmí ni wọ́n, opó ni wọ́n. Tèmi tó wà níbẹ̀ ti tán, owó ìyá náà ni kọ́parétíìfù ń yọ báyìí. Ìyá náà ò tiẹ̀ bá mi jà. Wọ́n kàn ní kí n má jẹ́ kí ọmọ àwọn gbọ́, torí owó WAEC rẹ̀ ni.

Adúróṣinṣin: Ha. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mà. Òwe 10:22 ní ìbùkún Olúwa kì í mú làálàá wá, ẹ wo irú làálàá tí ìyá yẹn wà.

Díkínì: Nígbà tí òróró opó yẹn pọ̀ ní 2 Ọba 4, ohun tí Èlíṣà kọ́kọ́ ní kó ṣe ni pé kó tà á, kó san gbèsè, lẹ́yìn náà ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù. Ọjọ́ tí Sákéù ń ka owó tó máa dá padà ni Jésù sọ pé ìgbàlà wọ ilé rẹ̀.

Ìyá Oore: Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún irúgbìn ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ojú á tì mí.

Màmá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kó tì yín níbẹ̀. Iwájú ìyá alákàrà ni kó má ti tì yín. Ẹ lọ bá akọ̀wé kọ́parétíìfù lọ́la, ẹ ní kí wọ́n pín ìyókù sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n dá owó ìyá náà sí.

Ìyá Oore: Àpò ẹ̀wà olóyin méjì ló kù ní ìsọ̀. Màá tà á lọ́la, owó WAEC ló máa kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Mo gbé fóònù fún ọkọ mi, ó ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí. Ó ní òun á sìn mí lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Látọjọ́ Ẹtì, ìyẹn lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ.