Pálíámẹ́ńtì àbí ààrẹ: èwo ló máa gba àwa Òkun, Yorùbá Kogí?

Ọmọ_Ìyàrá
Òkun o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Sátidé tó kọjá, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán kalẹ̀ ni bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Àbújá bá bẹ̀rẹ̀ ariwo, torí àwọn aṣojú-ṣòfin 60 tó gbé àbádòfin wá ní February 2024 pé ká padà sí ìjọba pálíámẹ́ńtì. Bàbá ní ayé ìgbà yẹn ló dáa, owó kì í ṣòfò báyìí. Ẹ̀gbọ́n ní ṣe la máa máa pààrọ̀ olórí bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Iyán tutù, ọbẹ̀ dì, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kan. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ gan-an, èwo ló sì máa ṣe àwa ará Kogí West lóore?

Tíṣà_Kàbbà
Má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà dà ẹ́ láàmú. Tó bá jẹ́ pálíámẹ́ńtì, aṣòfin àdúgbò ẹ nìkan lo máa dìbò fún, ẹgbẹ́ tí aṣòfin wọn bá ju ìdajì lọ ló máa fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí ìjọba, inú ilé yẹn náà ni wọ́n ti máa mú mínísítà, wọ́n á jókòó síbẹ̀ kí àwọn alátakò máa bi wọ́n léèrè lójúkojú. Bí Balewa ṣe ṣe é nìyẹn. Azikiwe tó di ààrẹ ní 1963, oyè lásán ló jẹ. Ìjọba ààrẹ tá a mú ní 1979, gbogbo ìlú ló ń dìbò fún ẹnì kan, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ (ẹni tó bá rántí wàhálà 1979, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí iye tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́, á ti máa rẹ́rìn-ín). Sẹ́nétọ̀ tó bá fẹ́ di mínísítà, àfi kó fi àga ẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó ti yàtọ̀ jù ni yíyọ olórí. Ààrẹ wa, tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá tiẹ̀ dáa, kò mì, àfi kó hùwà àìtọ́ ńlá, kí ìgbìmọ̀ ṣèwádìí, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹgbẹ́ ẹ gan-an lè ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọjọ́ 49 ni Liz Truss, olórí ìjọba wọn, lò ní 2022. Má sì jẹ́ kí orúkọ tàn ẹ́, South Africa ń pe tiwọn ní ààrẹ, pálíámẹ́ńtì ló sì ń yàn án.

Àgbà_Mọ̀pà
Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí o. Kí bàbá ẹ má bínú, ayé dáadáa tó ń sọ yẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn 1959, ti Western Region ni. Àwa ńkọ́? Kabba Province wà lábẹ́ Northern Region, Kàdúná ni Premier wa, olórí ìjọba agbègbè, wà. Wọ́n lé mi jáde ní kíláàsì torí owó ilé ìwé, mo jókòó sídìí igi máńgòrò títí wọ́n fi jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òmùò níbí yìí, tó wà lábẹ́ Western Region, ò san kọ́bọ̀. Pálíámẹ́ńtì kan náà la jọ ń lò o! Owó kòkó àti agbára tó wà lọ́wọ́ agbègbè ló ṣe é, ẹ má gbé e fún pálíámẹ́ńtì. Pálíámẹ́ńtì yẹn náà ni wọ́n ti ju àga lura wọn n'Íbàdàn ní 1962, lẹ́yìn tí Gómìnà, Ọba Adérẹ̀mí, fi lẹ́tà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí yọ Akíntọ́lá tó jẹ́ Premier, ẹjọ́ yẹn dé London kó tó parí.

Elépo_Ẹ̀gbẹ̀
Sẹ́nétọ̀ 109, aṣojú 360, ẹ ò tíì dín ẹyọ kan, ẹ ní owó máa dín. Ní UK, 650 ni wọ́n nínú ọ̀kan péré lára ilé méjèèjì. Ẹ bá mi tún ọ̀nà oko mi ṣe jàre.

Ìjùmú_Boy
Mo gbọ́ ti bàbá, àmọ́ ẹ bá mi ṣírò. Aṣòfin 25 ló wà nílé aṣòfin Kogí ní Lọ́kọ́jà, ẹni tó bá kó 13 jọ ti di Premier nìyẹn. Kò sí ẹkùn kan tó lè dá kó 13 jọ, Kogí East pàápàá ò tó o, wọ́n á fi dandan wá bá wa dúnàádúrà. Látìgbà tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, ọmọ Òkun kankan ò wọlé gómìnà rí. Ẹni tó jókòó síbẹ̀, Clarence Olafemi ní 2008, adelé ni, torí òun ni Speaker nígbà tí kóòtù fagi lé ìbò. Ilé aṣòfin ló gbà débẹ̀, kì í ṣe inú àpótí ìbò!

Tíṣà_Kàbbà
Ọ̀rọ̀ ẹ lórí, àmọ́ èèyàn 13, alẹ́ ọjọ́ kan ni ẹni tó lówó máa fi rà wọ́n tán. Gbogbo ìpínlẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ_Ìyàrá
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ti Àgbà Mọ̀pà sí bàbá mi létí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní òun náà rántí owó ilé ìwé yẹn, pé iṣu ni bàbá òun tà kó tó rí i san. Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Àbújá láti Mọ́ńdè, kò tíì mọ̀ pé òun ti fẹ́ẹ̀ borí.