Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òkúta ààlà ilẹ̀ wa ní Kétu kò bá ìwé awọnlẹ̀ mu

Ọmọ Kétu: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí ó bá gùn. Ilẹ̀ oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà ní apá ìlà-oòrùn Kétu, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnu ibodè. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbin igi tíìkì yí i ká, kò sì sí ẹni tí ó bá a du ilẹ̀ náà títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò bàbá wa ní kí a wọn ilẹ̀ náà kí a lè gba titre foncier (ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀). Òun ló wá awọnlẹ̀ tí a kò mọ̀ rí, òun nìkan ló dúró tì í nígbà tí wọ́n ń ri òkúta mọ́lẹ̀, wọn kò pe ẹnì kankan nínú àwa ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa kò kéré rárá.

Mo wá gbé GPS lọ síbẹ̀, mo ka X (bí ó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó) àti Y (bí ó ṣe lọ sí àríwá tó) ti òkúta kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó bára mu. Gbogbo òkúta náà ló lọ sí ìlà-oòrùn ní bíi 90 mítà, tí wọ́n sì tún lọ sí gúúsù ní bíi 120 mítà, tí wọ́n fi wọ inú oko kajú aládùúgbò wa. Ó dá mi lójú pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sínú ìwé fún wa. Báwo ni kí n ṣe pe awọnlẹ̀ náà lẹ́jọ́?

Arákùnrin Ṣakété: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí GPS, nítorí pé Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da nọ́ńbà rú fún àwa ará ìlú, ó sì lè fi 100 mítà ṣì wá lọ́nà.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Arákùnrin, ohun tí ẹ sọ yẹn rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n Ààrẹ Clinton ti ní kí wọ́n dá a dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Láti ìgbà náà, GPS ọwọ́ kò sábà fi ju ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ṣìnà ní gbangba. Ọmọ Kétu, mo ní ìbéèrè mẹ́ta: irú GPS wo ni o lò, datum wo (ìpìlẹ̀ tí a ti ń ka ìwọ̀n) ni ó wà lórí rẹ̀, kí sì ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé awọnlẹ̀ náà?

Ọmọ Kétu: Ẹ ṣé, bàbá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé WGS 84 (ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí GPS ń lò fún gbogbo ayé), UTM zone 31 Nord (ìpín ayé kan tí a ti ń fi mítà ka X àti Y). GPS tí mo lò jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ti fóònù, mo sì dúró ti òkúta kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà fi fìdí múlẹ̀. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹjọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló kún ẹnu rẹ, o kò sì tíì sọ bóyá o ti béèrè lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ. Ẹni tí ó bí bàbá rẹ ló bí òun náà. Ní tiwa níhìn-ín, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga, àtijọ́ ni àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n mú wá, èyí tí àwọn Faransé yà nígbà ìjọba wọn, orí ìwọ̀n Clarke 1880 (bí Clarke ṣe ka ìtóbi ayé láyé àtijọ́) sì ni wọ́n ti yà á. Wọ́n ka nọ́ńbà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú GPS bí ó ti wà, a sì bá ara wa níbi tí kì í ṣe ibi tí a fẹ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tí ó ya àwòrán jà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán náà péye ní ti tirẹ̀.

Olùkọ́ Pọ̀bẹ́: Ó dá mi lójú pé dígírì àti ìṣẹ́jú ló dà wọ́n rú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń kọ 7,36 dígírì bíi dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 36, bẹ́ẹ̀ sì ni dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 21,6 ni.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Olùkọ́, àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa gbé ènìyàn lọ sí ibi tí ó ju kìlómítà 26 lọ. Mítà ni Ọmọ Kétu ń kà, kì í ṣe dígírì.

Olùkọ́ Pọ̀bẹ́: Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa níbẹ̀rẹ̀, bàbá, ohun tí mo rí ni mo dáhùn sí.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Ó tọ́. Ọmọ Kétu, wo nǹkan méjì fún mi. Ṣé gígùn tí ó wà láàárín òkúta kan àti èkejì bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu? Nígbà tí o dúró ti òkúta, ṣé igi tíìkì ni o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni àbí kajú? Lẹ́yìn náà, ṣí ojú ìwé ìṣètò GPS náà, kí o ka ohun tí wọ́n kọ síwájú *système géodésique*, ìyẹn datum, fún mi.

Ọmọ Kétu: Àwọn gígùn náà bára mu. Igi tíìkì bàbá wa ni mo dúró tì. Ní ti GPS, n kò mẹ́nu kàn án tẹ́lẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí ẹni tí ó yá mi: ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín, ọ̀nà ni wọ́n ń wọ̀n ní agbègbè Abẹ́òkúta, olóòótọ́ ènìyàn sì ni. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni «Minna».

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àna yín kò ṣẹ̀, awọnlẹ̀ yín náà kò sì ṣẹ̀ nínú èyí. Datum ni ìpìlẹ̀ tí a ti ń ka ìwọ̀n: bí ayé ṣe tóbi tó àti ibi tí a gbà pé àárín rẹ̀ wà. Minna, ìlú kan ní Nàìjíríà, ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àtijọ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, orí Clarke 1880 sì ni wọ́n gbé e kà. Láti àárín ayé dé ojú ìlà tí ó pín ayé sí méjì, Clarke ka 6 378 249 mítà, WGS 84 sì ka 6 378 137. Àárín ayé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kò sì sí lójú kan náà. Nítorí náà, òkúta kan ṣoṣo tí kò kúrò lójú kan yóò ní X àti Y méjì, ìyàtọ̀ wọn ní agbègbè Kétu sì sún mọ́ 90 àti 120 tí o rí gan-an. O fi nọ́ńbà Minna sórí àwòrán WGS 84, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi jọ ṣí lọ láìyí padà.

Ohun tí kò jẹ́ kí o fura ni pé zone 31 bo Bẹ̀nẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀, ó sì tún bo ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. X tó lé ní 455 000 àti Y tó lé ní 813 000 ni ìwọ yóò rí ní Kétu, yálà lórí Minna tàbí lórí WGS 84. Bí ó bá jẹ́ pé belt ìwọ̀-oòrùn ti Nàìjíríà (ìlànà X àti Y tiwọn, tí kì í ṣe UTM) ni wọ́n fi sí i ni, Y rẹ kò ní dé 400 000, ìwọ fúnra rẹ ìbá sì ti béèrè.

Arákùnrin Ṣakété: Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó yọ 90 kúrò nínú X kí ó sì fi 120 kún Y, ọ̀rọ̀ parí.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìwé wà lórí rẹ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ náà ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí àwọn ojú-àmì náà bá ṣì wà nínú GPS, kí Ọmọ Kétu yí datum rẹ̀ sí WGS 84, GPS yóò sì tún wọn kà fúnra rẹ̀. Bí inú ìwé ni ó kọ wọ́n sí, kí ó kọ́kọ́ sọ fún QGIS (ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán ilẹ̀) pé orí EPSG 26331 ni wọ́n wà, ìyẹn Minna, lẹ́yìn náà kí ó ní kí QGIS gbé wọn lọ sí EPSG 32631, ìyẹn WGS 84; EPSG ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ orúkọ ìwọ̀n tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó yí nọ́ńbà padà. Ẹni tí ó bá lẹ orúkọ WGS 84 mọ́ nọ́ńbà Minna kò tíì yí ohunkóhun padà.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Kí o tó ṣe ìyẹn, lọ kí àbúrò bàbá rẹ.

Ọmọ Kétu: Mo ti yí datum rẹ̀ padà, mo sì padà lọ sí oko. Òkúta B1, B2 àti B3 ti wà ní ibi tí ìwé sọ, ìyàtọ̀ wọn kò ju mítà mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n B4, tí ó wà ní ẹ̀bá oko kajú, ṣì jìnnà sí ìwé ní mítà 14. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pẹ̀lú pé mo ti fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) kí n tó kọ̀wé síhìn-ín.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: O sọ fún mi pé àwọn gígùn náà bára mu.

Ọmọ Kétu: Ẹ má bínú, bàbá. Ti òkúta mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo wọ̀n, nítorí pé omi òjò kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà gbà dé B4 lọ́jọ́ tí mo lọ wọn gígùn.

Bàbá Awọnlẹ̀, Àjàṣẹ́: Datum kì í ṣí òkúta kan kí ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Bí ewé bá bo ibẹ̀, GPS ọwọ́ lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì bo ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé òkúta náà kúrò. GPS ọwọ́ kò lè dá a mọ̀. Lọ gba ìwé ẹ̀sùn ti àkọ́kọ́ padà ní mairie lọ́la, nítorí pé òkúta mẹ́rin ni o fi sùn, ọ̀kan ṣoṣo ló sì kù. Kí àbúrò bàbá rẹ pe awọnlẹ̀ náà padà pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tí ń gba àtúnṣe láti àwọn ibùdó IGN (iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí àwòrán ilẹ̀), kí aládùúgbò yín wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wọn B4 lójú gbogbo yín.