Béèlì 200k: ṣé owó yẹn la máa kà fún kọ́ọ̀tù ni?

OmoSurulere: Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n mú àbúrò mi ní Òjúẹlẹ́gbà lọ́jọ́ Tuesday, òun àtẹnì kan jà, gíláàsì mọ́tò fọ́. Ní tésàn wọ́n gba 40k lọ́wọ́ màmá wa wọ́n ní ti béèlì ni, kò sí rìsíìtì, wọn ò sì tú u sílẹ̀, ó di Thursday wọ́n gbé e lọ kọ́ọ̀tù. Májísíréètì ní béèlì 200k pẹ̀lú onídùúró méjì. Màmá ti yọ fíríjì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ká tà á.

BabaSeyi: Ẹ má ta nǹkan kan o! Àfi tí adájọ́ bá sọ pé kẹ́ ẹ fowó gangan sílẹ̀, 200k yẹn ò kúrò lápò yín. Iye tó máa já lé onídùúró lórí nìyẹn tí ọmọ yẹn bá sá. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni kọ́ọ̀tù ń wá, tó ní ìwé owó orí, ID kádì, fótò pélébé àti àdírẹ́sì tí wọ́n lè lọ wò. Wọ́n sì ń wá wò ó o. Nígbà tí mo dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan ti kọ́ọ̀tù wá sí Ṣómólú, ó bi ìyá alákàrà ẹnu géètì wa bóyá ó mọ̀ mí. Ìyá ní "Bàbá Ṣèyí? Ó jẹ mí lówó àkàrà." Ojú tì mí, àmọ́ wọ́n ṣáà ti kọ ọ́ pé wọ́n mọ̀ mí ládùúgbò 😂

IyaIbeji_Mushin: 40k yẹn ló ń dùn mí. Béèlì tésàn ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri fúnra wọn! Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 tiẹ̀ sọ pé tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi mú èèyàn mọ́lẹ̀, Èkó yìí, ibo ni kọ́ọ̀tù ò sí? Obìnrin náà lè dúró o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín.

Tunde_Isale: Àwọn bọ́ìsì tó ń dúró níta kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń fi onídùúró háyà, ẹ sá fún wọn. Ìwé ayédèrú ni, tó bá já, ẹ̀yin náà wọ gàù. Tápá yín ò bá ká a, ẹ lọ sí Office of the Public Defender ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, wọn kì í gbowó. Lọ́yà wọn lè bẹ adájọ́ kó dín in kù. Tó bá sì jẹ́ owó lẹ padà fi sílẹ̀, ọwọ́ registrar, ìyẹn akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ni kẹ́ ẹ san án sí, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì bí ẹyin, torí ẹ máa gbà á padà tẹ́jọ́ bá parí, tọ́mọ yẹn ò bá sá.

OmoSurulere: Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí wa tó jẹ́ tíṣà ti gbà láti dúró, ó ku ẹnì kan. Màmá ti ki fíríjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà.