Èsì WAEC ń bọ̀: ọmọ wo ló yẹ ká ṣọ́ kó má gba ẹ̀mí ara rẹ̀?

Akọ̀wé_PTA
Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kọ ìwé pélébé fún àwọn òbí kí èsì tó jáde, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sì máa wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tó bá fìdí rẹmi ni ká ṣọ́. Àwọn kan ní rárá, àwọn tó máa ń gbapò kìíní gan-an ni. Èwo ni ká kọ? Kí sì ni òbí lè ṣe, yàtọ̀ sí àdúrà?

Oníṣirò_Ìlera
Ẹ jẹ́ ká wo Swídìn, torí nọ́ńbà kan náà ni wọ́n fi ń mọ èèyàn níléèwé, nílé ìwòsàn àti nínú ìwé ikú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 tọpa nǹkan bí 900,000 ọmọ tó parí ilé ìwé láàárín 1988 sí 1997. Ewu àwọn ọkùnrin tí máàkì wọn kéré jù lọ ní ọmọ ọdún 16 tó ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù. Ti obìnrin lé ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má kọ «ìlọ́po mẹ́rin» sínú ìwé yín lásán, ẹ ó kó jìnnìjìnnì bá òbí ni. Irú ikú yìí kò wọ́pọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó kéré gan-an ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ jaburata àwọn tó gba F9 kò ní ro irú rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ní olórí kíláàsì ni náà kò parọ́ tán. Ní àríwá Fínlándì, wọ́n tọpa àwọn tí wọ́n bí ní 1966 fún ọdún 35. Máàkì tó dáa ń dín ewu kù, àmọ́ láàárín àwọn tí àrùn ọpọlọ bíi schizophrenia kọlù, àwọn tó mọ̀wé gan-an ni ewu wọ́n pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ
Ẹ má fi máàkì nìkan ṣọ́ ọmọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn a máa jí oorun gbé, ọkàn ò ní lè pọ̀ sójú kan mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni máàkì máa ń já wálẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àìsàn ló bí èsì burúkú. Ọmọ tó ń gba B3, tó já sí E8 láàárín táàmù méjì, ni màá kọ́kọ́ pè ṣáájú ẹni tí D7 ti mọ́ lára. Èyí tó tiẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ rí.

Tí ọmọ bá ń pín ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn, tàbí tó ń sọ pé «wàhálà mi máa tó tán», ẹ bi í léèrè ní tààràtà: «Ṣé o máa ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?» Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ ti oògùn àti oògùn apakòkòrò mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: Aró, Yábàá, UCH, LUTH (SURPIN, ètò tó ń dènà kéèyàn gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wà níbẹ̀), tàbí jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni.

Lọ́yà_Àdúgbò
Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé bò ó mọ́lẹ̀. Abala 327 nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin Èkó ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé ìwòsàn ni. Ẹ bá mi fi kún un pé kí òbí yéé pa òwe «ikú yá ju ẹ̀sín» lójú ọmọ tó gba F9. Ìtìjú gan-an ló ń pa á lára tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n jọ wo èsì náà pa pọ̀. Kí wọ́n sì ti mọ ọ̀nà kejì kó tó jáde: NECO wà, WAEC àdáni wà, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń gba èsì ìjókòó méjì.

Akọ̀wé_PTA
Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, ṣé ká kọ ìbéèrè yẹn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di «O ò rò ó, àbí?» Ẹni tó bá béèrè báyẹn ti sọ fún ọmọ pé «rárá» lòun fẹ́ gbọ́.