Ẹ gbà mí o, pọ́ọ̀tù 445 ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi

Ìyá Ṣadé, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí! Ọmọkùnrin tó wá wo íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ní pọ́ọ̀tù 445 mi, ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì, ṣí sí gbangba. Windows 7 ni kọ̀ǹpútà tí ìwé owó wà, ibẹ̀ náà ni skánà ń kó ìwé sí. Kí ni kí n ṣe?

Wálé Peckham: Mọ̀mí, ẹ kọ́kọ́ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ. Ibẹ̀ ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó, gbà bá mi ní oṣù Kárùn-ún 2017. Àtúnṣe MS17-010 tí Microsoft fi dí ihò náà ti jáde láti oṣù Kẹta, mo ní mo ṣì ń bọ̀ wá ṣe é. Gbogbo ìwé oníbàárà ló lọ. 300 dọ́là ni wọ́n ní kí n san ní Bitcoin!

Dèjì Houston: Ẹ pa SMB1, ẹ̀dà àtijọ́ èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì, ó tán.

Wálé Peckham: Kò tán, àbúrò. SMB 3.1.1, ẹ̀dà tuntun, ni ihò tí wọ́n ń pè ní SMBGhost bá jà ní 2020, lórí Windows 10. Ẹ̀rọ á ro nọ́ńbà méjì tí olè fi ránṣẹ́ pọ̀, àròpọ̀ á tóbi jù, á yí padà di kékeré. Àyè bíńtín ló máa gé sílẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, ẹrù rẹpẹtẹ ló máa dà sí i. Èyí tó kún dànù ni olè fi ń pàṣẹ.

Àǹtí Bísí, Birmingham: Ta ló ṣí pọ́ọ̀tù yẹn lára ráútà? Kì í dá ṣí.

Ìyá Ṣadé, Manchester: Àbúrò mi ni, kó lè máa wo ìwé owó láti Ìbàdàn.

Dèjì Houston: Yéè! VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́?

Àǹtí Bísí, Birmingham: Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àìṣàtúnṣe lẹ̀bi.

Wálé Peckham: Rárá o, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ SMBGhost lu síta ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọjọ́ 12 ni àtúnṣe tó dé. Láàárín ìgbà yẹn, kí lẹni tó ṣí 445 fẹ́ fi bo ara?

Dèjì Houston: Ẹ̀yin ará London náà! Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni ọsibítù NHS ti ń dá aláìsàn padà lọ́jọ́ WannaCry.

Àǹtí Bísí, Birmingham: Ẹ̀yin tí yìnyín pa iná fún ní 2021 ńkọ́? NEPA ti gba gíríìnì káàdì 😂

Dèjì Houston: 😂😂 Àwa kúkú ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan àtùpà.

Wálé Peckham: Ariwo “Up NEPA” ní Mọ́kọ́lá ló ń wù mí gbọ́ jàre.

Ìyá Ṣadé, Manchester: Mo ti fa wáyà yọ. Skánà yìí ńkọ́, SMB1 nìkan ló gbọ́?

Àǹtí Bísí, Birmingham: Ta ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn? Mo fẹ́ èlùbọ́ tó dúdú dáadáa.

Dèjì Houston: Ẹ wá sí Bissonnet, Àǹtí, àmàlà ń dúró dè yín.

Wálé Peckham: Àmàlà Houston? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóòkì jẹ ẹ́!